Ta Ni Ó Pààrọ̀ Ìbòjú Mi?

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹsàn-án

Ó ti padà.

Dókítà Adédìran kò tètè sọ ọ́ o. Ó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà Àgbárá ṣe rí, ó béèrè Rewájú ọmọ wa, ó wá mú aṣọ, ó ń nu ìgò ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe aṣọ́bodè ní Sẹ̀mẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Awakọ̀ tó bá ń bi mí ní àlàáfíà ilé kí n tó béèrè ìwé ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ ìjókòó. Mo ní kí dókítà gbé ohun tó wà lábẹ́ ìjókòó jáde. Ló bá ní jẹjẹrẹ ọ̀fun tí wọ́n wò fún mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ti tún yọ kókó sí ọrùn mi lápá òsì.

Ìgbà márùndínlógójì ni mo sùn sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán nígbà náà. Wọ́n ní ó ti tán. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pa màlúù. Ta ni mo fẹ́ lọ bá gba màlúù mi padà báyìí?

Ó ní wọn ò lè fi ọ̀bẹ kan kókó náà, torí ó sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ọrùn lọ sí orí. Ìtànṣán ni wọn yóò tún lò, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré, kó le, kó sì mọ sójú kan. Mo ní ohun tí márùndínlógójì kò lè ṣe, ṣé márùn-ún ni yóò ṣe é? Ó ní, "Bàbá, àwọ̀n la dà sódò nígbà yẹn. Ọ̀kọ̀ la fẹ́ fi gún un lọ́tẹ̀ yìí." Mo mọ àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja. Mo mọ àwọn tó ti gún ẹsẹ̀ ara wọn pẹ̀lú.

Bí a ṣe jáde, Moyọ̀sọ́lá ìyàwó mi ní òun gbàgbé agboòrùn òun sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ogún ìṣẹ́jú ló fi wá agboòrùn. Òjò kò rọ̀ lónìí, oòrùn kò sì mú.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ọ̀sìbítù tí mo ti gba ìtànṣán àkọ́kọ́ ní àwọn ṣì ń wá fáìlì mi. Dókítà Adédìran sì ní bí òun kò bá mọ iye iná tí ọrùn mi ti gbà tẹ́lẹ̀, òun ò ní fi kún un. Babátúnjí àbúrò mi, tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ gbé wa bọ̀, ti káwọ́ lérí. Mo wọ yàrá, mo gbé páànù bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìwé ìgbà náà ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. A ya fọ́tò wọn ránṣẹ́. Dókítà pè, ó ní òun ò rí irú aláìsàn yìí rí. Aṣọ́bodè kì í ju ìwé nù.

Agbọn kan ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ní Àjàrá níbí, níbi tí igi rẹ̀ ti ń hù lẹ́yìnkùlé.

Ìṣẹ́gun, 9

Wọ́n ṣe ìbòjú fún mi lónìí. Ike pẹlẹbẹ ni, oníhò wínníwínní bí asẹ́. Wọ́n rì í sínú omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ lé mi láti iwájú orí títí dé èjìká, wọ́n sì fi dè mí mọ́ tábìlì. Nígbà tó tutù, ó ti le, ó ti gba àwòrán ojú mi. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é, Naheem, ọmọ Ọ̀jọ́ ni, ó ní ìbòjú yìí ni kò ní jẹ́ kí n mira. Bí mo bá fi ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan yẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni iná yóò bá. Ó kọ orúkọ mi sí i lára: Sagbo.

Bí mo ṣe ń wọ bàtà, ó ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan irun yín o, títí a ó fi parí." Kí ló kan ọmọ yìí pẹ̀lú irun mi? Irun mi funfun, ó ṣù, ó sì pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ojú ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá ń béèrè irun orí àgbàlagbà, a máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bá tèmi lọ.

Mo fọwọ́ sí ìwé. Ewu mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mo ka ẹ̀kẹrin, mo tún un kà: iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn náà lè bẹ́. Mo ká ìwé náà kí Moyọ̀sọ́lá tó yọjú. Kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó máa ń béèrè iye iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn ni o.

Àbámẹ́ta, 13

Mo tú àpò Moyọ̀sọ́lá. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé tèmi. Ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó gbé àpò aláwọ̀ búlúù sílẹ̀, èyí tó máa ń gbé tẹ̀lé mi lọ sí ọ̀sìbítù. Bíbélì, omi, egbòogi ẹnu, ìpara. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, táwẹ̀lì tuntun kan, ó nípọn, ó pupa rúsúrúsú bí ẹni pé ó fẹ́ dúdú. Moyọ̀sọ́lá kì í ra nǹkan tó ṣókùnkùn. Aṣọ fẹ́rẹ́fẹ́ ni tirẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo kó gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, mo sì fa síìpù dé ibi tí ó fà á dé gan-an. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìṣẹ́gun, 16

Bàbá Ìkógà ti lọ. Àbúrò bàbá wa ni, òun ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Ó kí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n máa mu omi agbọn. Nínú àwa ọmọ tó kù, èmi ni àgbà báyìí. Mo sunkún, ọ̀fun sì ta mí bí ata.

Àìkú, 21

A sin ín lánàá. Odò ti kún bo ọ̀nà Ìkógà, a sọ bàtà sọ́wọ́.

Nígbà tó kan fífá orí, gbogbo àwọn ọmọ ilé jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Láàrin àwa Ègùn, bí àgbà bá lọ, orí ọmọ kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú irun. Moyọ̀sọ́lá wá bá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má fá tèmi, pé Naheem ti kìlọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyàwó mi. Ogójì ọdún ló ti wà nílé wa, síbẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilé wa. Ṣé kí àwọn ọmọdé fá orí, kí èmi tí mo jẹ́ olórí wọn wá gbé irun jókòó bí ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan? Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo tẹ orí ba fún abẹ, èmi ni mo ṣíwájú.

Nígbà tí mo dìde, òun àti Babátúnjí wà lábẹ́ igi agbọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. Babátúnjí ní, "Fofo, ẹ pẹ̀lẹ́." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù ni.

Ẹtì, 26

Wọ́n ti pààrọ̀ ìbòjú mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìtànṣán ló yẹ kó jẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò ní Àjàrá. Mo dùbúlẹ̀, Naheem gbé ìbòjú wá, ó dè é. Ó ń mì. Mo yí orí sí ọ̀tún, orí yí. Mo yí i sí òsì, ó yí. Èyí tí wọ́n ṣe níjọ́sí fún mi lójú pinpin débi pé mi ò lè ṣẹ́jú. Mo ní èyí kì í ṣe tèmi. Naheem dúró, ó ń wò mí, ó ń wo orí mi, ó fẹ́ sọ nǹkan. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo ní èmi tí mo ti rí òǹtẹ̀ ayédèrú tó dára ju òótọ́ lọ, ṣé orúkọ tí wọ́n fi bíírò kọ sára ike ni yóò tàn mí jẹ? Ta ni wọ́n gbé tèmi fún? Èló ló san? Mo sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn tó wà níta dìde.

Moyọ̀sọ́lá ń pè mí, mi ò dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì Mùínàt na ọwọ́ sí mi, mo yẹ̀ ẹ́. Mo jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀. Mo rí gééjì epo: ó kún fọ́fọ́. Babátúnjí tó máa ń wa ọkọ̀ títí iná yóò fi tàn, láti ìgbà wo ló ti ń kún epo, ní iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù lóde òní?

Àbámẹ́ta, 27

Òjò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ àkàsà ṣíbí mẹ́ta ni mo rí gbé mì.

Ajé, 29

Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́rin. Mo fẹ́ gbé e lọ fún lọ́yà ní Àgbádárìgì. Kí ó lè mọ̀ pé òun kò bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mo wọ kọ́ọ̀tù, mo sì mú fìlà iṣẹ́ mi àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọdún márùn-ún ni fìlà yẹn ti ń fún mi, tí n óò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó wọ̀.

Mo dé e. Ó já bọ́ sójú mi. Etí ló gbà á dúró.

Mo dúró síwájú dígí pẹ́. Mo bọ́ ọ, mo tún un dé, ó tún já bọ́. Fìlà tèmi ni, orúkọ mi wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Orí ló yí padà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ ba fún abẹ ní Ìkógà, lẹ́yìn tí ọmọ ọlọ́mọ ti sọ fún mi pé kí n má ṣe é, tí ìyàwó mi sì tún un sọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo fi ń wá èrú lára ẹlòmíràn, ara mi ni mi ò yẹ̀ wò.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì mí, àyà sì ń já mi, torí ọjọ́ tí mo fi jà ni kókó fi ń dàgbà. Mo fa ìwé ẹ̀sùn ya.

Ìṣẹ́gun, 30

Mo bẹ Naheem. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn, torí níbi tí èèyàn ti bú ni ó yẹ kó ti bẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó yára gbá mi mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bi tèmi náà ni. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún yín." Òótọ́ ni. Ká ní ó sọ ìdí rẹ̀, bóyá ǹ bá gbọ́. Bóyá n kò ní gbọ́ náà.

Ó ṣe ìbòjú tuntun sórí kodoro. Ó ní ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá fẹ́ wá, kí wọ́n fá orí náà, kó má baà hù ju báyìí lọ.

Dókítà kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kókó ti tóbi sí i. Wọ́n ní láti ya àwòrán ọrùn mi lọ́tun, wọ́n ní láti ṣírò lọ́tun. Bó bá jẹ́ pé ó ti yí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ká, òun ò ní lè tan iná sí i mọ́. Mo bi í pé kí ni yóò kù. Ó ní oògùn ìrora. Ó ní àwọn yóò pè mí.

Ẹtì, 3 oṣù kẹwàá

Wọn ò tíì pè. Mo tú ilé.

Mẹ́fà ni wọ́n. Táwẹ̀lì mẹ́fà, gbogbo wọn ló ṣókùnkùn: ọ̀kan nínú àpò búlúù, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí Moyọ̀sọ́lá, ọ̀kan ní pálọ̀ lẹ́yìn àga mi, ọ̀kan ní kíṣìnì, ọ̀kan ní balùwẹ̀. Mo yọ jáde, mo wo ọkọ̀ Babátúnjí: ìkẹfà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ̀ kún fún epo, ó sì kọ ojú sí títì. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń wà á wọ ọgbà bó ṣe wù ú.

Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ó dà bíi pé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ dè mí, tí wọ́n ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbé òkú gbà. Ilẹ̀ etí òkun tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà lórúkọ mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fìlà ṣì wà lọ́kàn mi, ojú ń ti mí láti fẹ̀sùn kan èèyàn lẹ́ẹ̀kejì láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ajé, 6

Dókítà Adédìran pè. Kò béèrè ọ̀nà Àgbárá. Ó ní kókó ti kan iṣan náà, kò tíì yí i ká. A ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú.

Ọjọ́rú, 8

Ìtànṣán èkíní. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí, Moyọ̀sọ́lá bu omi ọṣẹ, ó fá orí mi. Mo gbé dígí dání ní gbogbo ìgbà tí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé mo gbé e dání, ó ń fá a lọ.

Ìbòjú dì mí pa. Ẹ̀rọ ń yí mi po, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lókèèrè. Mo ka ẹ̀kẹrin nínú ewu mẹ́jọ náà lórí títí Naheem fi wá tú mi.

Ẹtì, 10

Èkejì. Ìtọ́ kò sí lẹ́nu. Mo gbé dígí dání.

Ajé, 13

Ẹ̀kẹta.

Moyọ̀sọ́lá ti fá orí mi dé ẹ̀yìn etí òsì, lókè kókó náà gan-an, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo bi í pé, "Ta lo ra táwẹ̀lì mẹ́fà fún?"

Abẹ dúró. Ó nù ún, ó gbé e sórí àwo, ó wá jókòó síwájú mi. Mo rò pé yóò ní èwo ni táwẹ̀lì.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo rà wọ́n fún. Nọ́ọ̀sì Mùínàt ló ní kí n rà wọ́n. Ó ní bí iṣan yẹn bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Kí n ra èyí tó ṣókùnkùn, kí ẹ̀yin má baà rí bó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ̀rù má baà bà yín."

Mo ní ọkọ̀ tó ń kún ńkọ́? Ó ní òun ló bẹ Babátúnjí. Epo kò gbọdọ̀ dín, ojú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọ sí ilé. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ọrùn, itan ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lábẹ́ igi agbọn. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti lè jókòó nínú ilé yìí, ó ti ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi tí táwẹ̀lì wà. Agboòrùn kò sọnù lọ́jọ́ kìíní.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ká ìwé yẹn mọ́ mi lójú. Mo tú àpò yín lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ka ẹ̀kẹrin. Mo ní bí ẹ kò bá fẹ́ kí n mọ̀, mi ò ní mọ̀."

Àwa méjèèjì ń gbé ẹrù kan náà gba ẹnubodè kan náà, oníkálukú ń fi í pamọ́ fún ẹnì kejì. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé mi, ó wá di ẹkún. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Láti oṣù kẹsàn-án, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun náà.

Ó dìde, ó mú abẹ. Mo gbé dígí kalẹ̀, mo di ojú.

Ọjọ́rú, 15

Ẹ̀kẹrin. Orúkọ rẹ̀ kò dára létí mi nítorí ewu ẹ̀kẹrin yẹn, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Babátúnjí mú agbọn mẹ́wàá wá, ó bẹ́ wọn fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo ti rò sí i, tí n kò sọ jáde rí. Ó ní, "Fofo, mo mọ̀. Ojú yín máa ń sọ ọ́."

Ẹtì, 17

Ẹ̀karùn-ún. Ó parí. Naheem fi ìbòjú náà ta mí lọ́rẹ, ó ní àwọn mìíràn máa ń gbin òdòdó sínú rẹ̀. Mo dé e sórí páànù bisikíìtì.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ti kú. Ó ní òun ò mọ̀, ó di oṣù kìíní kí àwọn tó ya àwòrán. Mo béèrè nípa iṣan. Ó ní ewu rẹ̀ kò tíì tán, ó lè gba oṣù púpọ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba ohun tí ọkùnrin yìí sọ gbọ́ láìwo abẹ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18

Ìdúpẹ́ ogójì ọjọ́ Bàbá Ìkógà ku ọ̀sẹ̀ kan. Àá lọ. Moyọ̀sọ́lá ń kó aṣọ sínú àpò búlúù, ó fẹ́ fi táwẹ̀lì náà sí ìsàlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó Bíbélì sí ìsàlẹ̀, mo kó omi lé e, mo wá tẹ́ táwẹ̀lì sókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ti lè tètè tó o. Mi ò fa síìpù rẹ̀ pa.